Ohùn Rosalba Tó Wà Lọ́wọ́ Mi

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ń ṣe ìwé kékeré kan tí wọ́n fẹ́ fi ran àwọn tó ń jáde ní yunifásítì lọ́wọ́ láti yan iṣẹ́. Wọ́n ti gba ìtàn lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì mẹ́rin, dókítà méjì, àti àwọn oníkọ̀ǹpútà tí mi ò lè ka iye wọn. Nígbà tó kàn mí, ọmọbìnrin tó ń kó ìtàn náà jọ jókòó tì mí, ó ní, "Daddy, ẹ má bínú o, what exactly did you do?" Mi ò bínú. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo ní Dallas níbí, mo sì sapá gan-an kí ará ìjọ kankan má baà mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fúnra mi báyìí.

Èmi ni mo máa ń ṣètò ohùn fún àwọn ẹgbẹ́ olórin kúḿbíà, orin ijó àwọn elédè Spanish. Bí olórin bá wà lórí pèpéle, tí èèyàn ń jó nísàlẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà, ẹni tó jókòó sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn nídìí ẹ̀rọ tó kún fún bọ́tìnnì, tó ń fa ohùn tibí sókè, tó ń rẹ tọ̀hún sílẹ̀, èmi nìyẹn. Míkísà là ń pe ẹ̀rọ náà. Ẹ mọ̀ ọ́n, torí ọ̀kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi náà ni mo sì máa ń jókòó tì í láàárọ̀ Sunday.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ yìí kò gùn. Mo wá kàwé nípa iná mànàmáná, ìwé náà kò parí, mo bá ara mi ní wíàháùsì kan ní Grand Prairie. Ẹnì kan tí a jọ ń kó ẹrù níbẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n òun ń wá ẹni tó mọ̀ nípa wáyà. Mo lọ, ó gbà mí. Owó ibẹ̀ kò sọ mí di olówó, ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́ta ni mo fi tọ́, kò sì sí èyí tí ebi pa nínú wọn. Ó tó bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ owó.

Don Eusebio lorúkọ ọ̀gá mi. Ará Monterrey ni, ní ilẹ̀ Mexico, ọkùnrin kúkúrú kan tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, inú sì máa ń bí i láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Orúkọ mi, Gbádébọ̀, kò rọ̀ ọ́ lẹ́nu, nítorí náà orúkọ ìsàmì mi ló ń pè, Gabriel. Odidi ọdún méjì ni kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan míkísà. Wáyà ni mò ń ká. Ẹ̀yin lè rò pé kò sí ohun tí èèyàn fẹ́ kọ́ nínú kíká wáyà. Mo rò bẹ́ẹ̀ náà. Mo ká wáyà bí ìyá mi ṣe máa ń ká okùn tó fi ń sá aṣọ, mo kó o sínú àpótí, Eusebio sì tú gbogbo ẹ̀ dà sílẹ̀ lójú mi.

Ó ní, "Gabriel, wáyà ní bó ṣe fẹ́ sùn. O ò gbọdọ̀ lọ́ ọ lọ́rùn. Ká a lẹ́ẹ̀kan sápá òsì, kó o ká a lẹ́ẹ̀kan sápá ọ̀tún. Tún un ká."

Mo tún un ká. Ó tún un dà sílẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ìgbà méje ló dà á sílẹ̀, ọ̀rọ̀ sì kún mi lẹ́nu lédè Yorùbá tí mo dúpẹ́ pé kò gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn wáyà tí mo ká lọ́dún yẹn ṣì wà, wọ́n ń ṣiṣẹ́. Títí di òní, bí mo bá rí i bí àwọn ọmọ yín ṣe ń ká wáyà máìkì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ara mi máa ń bù máṣọ.

Nígbà tó mú mi kúrò lórí wáyà, ó ní kí n máa dúró sí ibi tó jìnnà jù nínú gbọ̀ngàn. Ọjọ́ kan báyìí, ó rìn wá bá mi, ó pariwo sí mi létí torí orin ń lọ lọ́wọ́.

"Kí lò ń wò?"

"Olórin ni, sà."

"Ta ló ní kó o wo olórin? Ṣé o fẹ́ fẹ́ ẹ ni? Ẹsẹ̀ àwọn tó ń jó ni kó o wò."

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ kúḿbíà. Nínú kúḿbíà, ohun èlò kan wà tí wọ́n ń pè ní guacharaca: igi tí wọ́n gé ìlà-ìlà sí lára, tí wọ́n ń fi irin ha. Àwọn mìíràn ń lo irin dípò igi. Létí tèmi, ariwo lásán ni, bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò. Nígbà àkọ́kọ́ tí Eusebio jẹ́ kí n jókòó sídìí míkísà, mo rọra rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí ohùn olórin lè mọ́ bó ṣe máa ń mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rò pé mo ti tún nǹkan ṣe. Ká tó wí, ká tó fọ̀, àwọn tó ń jó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Eusebio gbá mi lọ́wọ́, ó fa ohun èlò náà padà sókè, gbogbo ẹsẹ̀ tún padà bọ́ sójú kan. Ó ní bó bá ti rẹ àwọn oníjó, kí n má fi kún ohùn olórin, híha yẹn ni kí n fi kún díẹ̀. Mo ti dán an wò fún ọgbọ̀n ọdún, kò sì já mi kulẹ̀ rí.

Bí a bá wà nínú ọkọ̀ lórí freeway, inú rẹ̀ máa ń rọ̀, á wá máa sọ ìtàn fún mi. Ó ní etíkun Colombia ni kúḿbíà ti wá, pé àwọn adúláwọ̀ tí wọ́n kó lẹ́rú débẹ̀ ló mú ìlù wá, àwọn onílẹ̀ sì mú fèrè wá, wọ́n jọ ń jó yí iná ká. Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹgbẹ́ olórin ńlá mú un wọ ìlú, wọ́n wọ kóòtù sí i lọ́rùn. Ó dé Mexico, wọ́n fi àkọ́díọ̀nù sí i. Ó dé Peru, gìtá oníná ni wọ́n fún un. Kò sí ìlú tó dé tí wọn kò sọ ọ́ di tiwọn. Ní Monterrey, ìlú tirẹ̀, ó ní ẹ̀rọ àwo orin kan ló gbóná jù níbi ijó, orin bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, àwọn èèyàn sì ní kí wọ́n má tún un ṣe, pé bó ṣe ń falẹ̀ yẹn ló dùn mọ́ àwọn. Títí di òní wọ́n ń jó o bẹ́ẹ̀. Àwọn tó wá ń kọ́lé, tí wọ́n ń ṣe òrùlé, tí wọ́n ń fọ abọ́ ní Texas, àwọn ló gbé e wọ Dallas. Eusebio wò mí lọ́jọ́ yẹn, ó ní, "Ìlù tiyín ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀, Gabriel, ìwọ lo wá ń ṣe bí àlejò."

Bẹ́ẹ̀ ni mò ń ṣe lóòótọ́. Ijó ọ̀sán Sunday ló lérè jù, láti agogo mẹ́ta títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú, tí ìdílé máa ń kó ọmọ àti ìyá àgbà wá. Ìjọ wa máa ń túká ní agogo kan. Màá bọ́ kóòtù nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń ta gas, màá sì forí lé Grand Prairie. Pásítọ̀ bi mí nígbà kan ibi tí mò ń sáré lọ, mo ní ibi iṣẹ́ ni. Ó gbà pé wíàháùsì ni mò ń sọ, ó gbàdúrà fún mi, èmi náà ṣe Àmín. Ẹ má gbàgbé pé nígbà yẹn, orin ayé ni ìjọ wa ń pe gbogbo orin tí kò bá sí nínú ìwé orin, ẹni tó bá sì ń lọ sílé ijó lọ́sàn-án Sunday, àdúrà ìdáǹdè ni wọ́n máa fi kí i káàbọ̀.

Eusebio máa ń gba orin ijó kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lórí kásẹ́ẹ̀tì, èmi ló sì ń kó wọn lọ́wọ́ láti ṣe ẹ̀dà fún àwọn ẹgbẹ́ olórin. Wọ́n kún inú mọ́tò mi, mọ́tò yẹn kan náà la sì fi ń gbé ará ìjọ láti Carrollton. Ìyàwó mi, Fọlákẹ́, mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe, àyà rẹ̀ kì í sì í balẹ̀.

Ó ní, "Bàbá Tóyìn, ẹ wo kásẹ́ẹ̀tì yìí, gbogbo ẹ̀ Spanish. Tí Mummy Pastor bá wọ mọ́tò yìí ńkọ́? Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n pè wá fún counseling ni?"

Mo ní, "Má worry. Mo ti mọ ohun tí màá ṣe."

Ohun tí mo ṣe ni pé mo ra bébà alẹ̀mọ́, mo kọ àkọlé ìwàásù sí gbogbo wọn lára. Ìwàásù Lórí Sùúrù. Ìgbàgbọ́ Tó Dúró, Apá Kejì. Èmi nìkan ni mo mọ ẹgbẹ́ olórin tó wà lábẹ́ Sùúrù. Ó tiẹ̀ ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà kan láti ìjọ wa gbé ọ̀kan lọ́jọ́ kan, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní Ọlọ́run á bù kún ìdílé wa.

Nínú àwọn ẹgbẹ́ tí à ń bá ṣiṣẹ́, ti Nacho ló tóbi jù. Nígbà tó yá ni àbúrò rẹ̀ obìnrin, Rosalba, bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Mo ti gbọ́ olórin púpọ̀, ohùn rẹ̀ kò ga, kò sì dùn lọ́nà tí ohùn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ń gbà dùn. Ó há díẹ̀ nísàlẹ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Bó bá ti la ẹnu, mi ò ní nǹkan kan ṣe nídìí míkísà mọ́. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí a gba ohùn òun sílẹ̀. Ó ní ó di ìgbà tí òun bá mọ orin kọ dáadáa.

Sunday kan ó wá bá mi kí ijó tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní wọn yóò ṣiṣẹ́ abẹ fún òun lọ́rùn lọ́sẹ̀ yẹn, nǹkan kan wú níbẹ̀. Ó ní, "Gabriel, gba tòní sílẹ̀. Màmá mi ò gbọ́ mi rí láti ìgbà tí mo ti ń kọrin pẹ̀lú Nacho. Kò lè sọdá wá síbí, èmi náà ò sì tíì lè lọ. Mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí i." Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ó kọ orin mẹ́sàn-án lọ́jọ́ náà, ojú kan kásẹ́ẹ̀tì gbà gbogbo rẹ̀.

Eusebio ní òfin kan: bí kásẹ́ẹ̀tì bá ti jáde nínú ẹ̀rọ, ṣẹ́ eyín kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà lè gba nǹkan mìíràn lé e. Mi ò ṣẹ́ ẹ. Iṣẹ́ pọ̀, mo ní bí mo bá délé. Mo lẹ àkọlé mọ́ ọn bí mo ṣe máa ń ṣe, Ìgbàgbọ́ Tó Dúró, mo jù ú sínú mọ́tò. Mo fẹ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní Monday. Monday di Wednesday, Wednesday di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, àlejò oníwàásù kan wá sí ìjọ wa. Ó wọ inú ọ̀rọ̀ gan-an. Bùrọ̀dá Kúnlé tí a jọ wà nídìí ẹ̀rọ fẹnu sí mi létí. "Ẹ̀gbọ́n, tape ti tán o." Mo ju kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sí i. Mo ní, "Sáré lọ wo dashboard mi. Mú ìwàásù àtijọ́ kan wá, ká gba tuntun lé e." Kúnlé jẹ́ èèyàn tó ń gbọ́ràn. Ó mú ìwàásù wá. Ó tì í bọnú ẹ̀rọ, èmi kò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, Rosalba wá sí ṣọ́ọ̀bù tí Eusebio ń kó ẹ̀rọ sí láàárọ̀ Saturday kan, ó ta síkáàfù mọ́rùn. Ó la ẹnu, atẹ́gùn ló jáde. Wọ́n ti ba nǹkan jẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ abẹ, kò sì ní lè ju kó máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lọ láyé rẹ̀. Ó ní kásẹ́ẹ̀tì yẹn ni gbogbo ohùn tó kù fún òun, kí n bá òun mú un wá. Eusebio fọwọ́ gbá mi léjìká, ó ní, "Kò síṣòro. Gabriel kì í sọ nǹkan nù."

Mo délé, mo wá kásẹ́ẹ̀tì náà jáde, mo tẹ̀ ẹ́. Oníwàásù ni. Mo yọ ọ́, mo wo àkọlé, mo tún un fi sí i. Oníwàásù náà ni. Ìgbà yẹn ni mo rántí Kúnlé àti kọ́kọ́rọ́. Mo jẹ́ kó máa lọ. Lẹ́yìn bí ogójì ìṣẹ́jú, oníwàásù ní kí a dìde, ohùn rẹ̀ gé, ohùn Rosalba sì bọ́ sí i láàárín orin rẹ̀ tó kẹ́yìn. Ìṣẹ́jú mẹ́ta àti díẹ̀ ló kù.

Ohun tó yẹ kí n ṣe kò le. Kí n gbé ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn lọ fún un, kí n dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn yóò gbọ́ oníwàásù, wọn yóò bi mí bó ṣe débẹ̀, wọn yóò sì rí àkọlé. Màá ní láti sọ fún Eusebio pé iṣẹ́ tó fi sùúrù kọ́ mi, mo ń pa á mọ́ bí ẹrù olè, pé ojú ń tì mí láti jẹ́ èèyàn rẹ̀. Ohun tí mi ò lè sọ nìyẹn. Ní Monday, mo ní oòrùn ti yọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà nínú mọ́tò. Ẹ̀yin náà mọ ooru Dallas nínú August, kò sẹ́ni tí kò gbà mí gbọ́.

Eusebio kò bú mi. Nígbà tí Rosalba àti Nacho dé, ó dìde, ó ní, "Èmi ni. Inú ọkọ̀ mi ni mo gbàgbé ẹ̀ sí." Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wáyà wà lọ́wọ́ mi, mi ò sọ nǹkan kan. Rosalba sunkún láìsí ohùn, ẹ kò tíì rí irú rẹ̀. Nacho kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ẹgbẹ́ mẹ́ta tẹ̀ lé e láàárín ọdún kan. Láti ọjọ́ yẹn, Eusebio kò pariwo mọ́ mi mọ́. Mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ká wáyà bí kò ṣe yẹ kó lè bínú, kò bínú.

Ìyókù iṣẹ́ mi kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kásẹ́ẹ̀tì lọ, CD dé, CD náà lọ. Míkísà tí èèyàn mẹ́rin ń gbé di ohun tí mo lè gbá mọ́ àyà, ó wá di nǹkan pẹlẹbẹ tí mò ń fọwọ́ ra lójú. Ẹgbẹ́ olórin ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án di ẹlẹ́ni márùn-ún, ó di ọkùnrin kan àti kọ̀ǹpútà rẹ̀, tí híha guacharaca ń ti inú bọ́tìnnì wá, tí kì í rẹ̀ ẹ́, tí kì í sì í yára bí inú oníjó bá dùn. Àwọn ọmọdé ṣì fẹ́ràn kúḿbíà, wọ́n tiẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn bàbá wọn lọ, mi ò lè parọ́ mọ́ wọn. Eusebio fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún mi, ó padà sí Monterrey, ibẹ̀ ló kú sí. Ìgbà mẹ́ta ni mo gbé fóònù láti sọ fún un kó tó kú. Ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ la sọ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń kà á, ẹ yan iṣẹ́ tó bá wù yín. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín ni pé bí ẹ bá ti mọ̀ pé ojú yóò tì yín láti pe orúkọ iṣẹ́ náà níwájú àwọn èèyàn yín, ẹ kọ́kọ́ pe orúkọ rẹ̀ ná. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tàbí kí wọ́n gbààwẹ̀. Èmi kò ṣe é, ẹlòmíràn ló sì jìyà rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, mo pàdé Rosalba níbi tí wọ́n ti ń ta èso nínú ilé ìtajà kan ní Grand Prairie. Ó dì mọ́ mi. Ó bi mí léèrè Eusebio, mo ní ó ti kú. Ó ní, ní ohùn wúyẹ́wúyẹ́ yẹn, "Kí Ọlọ́run dárí jì í. Èmi fúnra mi ò lè dárí jì í." Ó fún mi ní àdírẹ́sì ilé ọmọ rẹ̀ ní Forney, níbi tí òun náà ń gbé, ó ní kí n wá jẹun. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mi ò fi lè sùn dáadáa. Fọlákẹ́ ló gbé ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì fún mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, "Bàbá Tóyìn, ẹ lọ. Ẹ̀rù ń bà mí fún yín, àmọ́ ẹ lọ."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ níwájú Rosalba àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, Marisol. Mo sọ ti àkọlé, ti Kúnlé, ti oòrùn, àti pé Eusebio kò mọ nǹkan kan, pé ẹ̀bi tèmi ló gbé rù. Mo tẹ kásẹ́ẹ̀tì náà. Ohùn rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni wọ́n bí Marisol. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ń wo ìyá rẹ̀, ó ń wo ẹ̀rọ. "That's you, Mami?" Rosalba fi orí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó jẹ́ kó parí, kó tó bi mí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta náà. Mo ní ọjọ́ Saturday tó wá sí ṣọ́ọ̀bù ni.

Ó ń fi ìka ṣírò ọdún. Mo ní láti sún mọ́ ọn kí n tó gbọ́ ohun tó sọ.

"Màmá mi gbé ọdún mẹ́fà sí i lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Mo ti ra rédíò kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí i. Ó máa ń pààrọ̀ bátìrì inú ẹ̀, ó ní bóyá wọ́n á tún kásẹ́ẹ̀tì náà ṣe."

Marisol ti dá kásẹ́ẹ̀tì náà padà sẹ́yìn, ó tún tẹ̀ ẹ́. Rosalba ní kí n fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀, kí n máa lọ.